Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ lè fi aṣọ ọmọ tó ti kéré ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Akúrẹ́ là ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ọdún 11, 8 àti 5. Aṣọ tí ò gba wọn mọ́ ti kún báàgì Ghana must go méjì, mi ò sì fẹ́ dà á sórí ààtàn, mo fẹ́ káwọn ọmọ gan-an lọ́wọ́ sí i, torí àwọn ló ń wọ̀ ọ́. Sátidé tó kọjá a ṣa èyí tó ṣì dáa fáwọn ọmọ àbúrò mi, a wá gé singlet kọ́tìnì tó ti gbó ṣe àkísà (ẹ má lo pọliẹ́sítà o, kì í fa omi dáadáa), ẹlẹ́ẹ̀kejì ń já bọ́tìnì sínú agolo mílíìkì, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Àbígbẹ̀yìn mi ló wá bú sẹ́kún nítorí gáùn ańkárá tí màmá mi rán fún un, kò wọ èjìká ẹ̀ mọ́ rárá, síbẹ̀ ó dì í mọ́ àyà, ó lóun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí gan-an. Kí la lè fi rán tó máa wà lọ́dọ̀ ẹ̀, láìsí máṣíìnì, abẹ́rẹ́ ọwọ́ nìkan la ní? Ṣé ọmọ ọdún 8 lè rán an tí abẹ́rẹ́ ò ní gún un? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ákùúrẹ́, ṣé ẹ mọ télọ̀ kankan lápá Ọjà Ọba tó máa ń gba àjákù aṣọ?