Ẹ̀yin tẹ́ ń ṣe dísáìn, ibo lẹ máa ń jẹ́ kí AI ti wọ̀ ọ́?

TítíDísáìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Lógò ni mo ń ṣe jù, àtìgbà tí Midjourney, AI tó ń ya àwòrán, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti dé lọ́dún 2022 ni kọ́sítọ́mà ti ń gbé àwòrán AI wá bá mi, wọ́n á ní kí n ṣáà tún un ṣe díẹ̀. Mo fẹ́ lo AI o, àmọ́ tí mo bá ti lò ó kí n tó ronú fúnra mi, ohun tó bá gbé jáde ló máa gba gbogbo orí mi, mi ò ní rí nǹkan míì rò mọ́. Ibo gan-an ló yẹ kó ti wọlé?

BàbáFọ́ǹtì:
Pẹ́ńsù ni kó kọ́kọ́ wọlé jàre. Ya oríṣiríṣi sórí pépà, tó bá tiẹ̀ rí wúruwùru kò burú, ibẹ̀ lo ti máa mọ ohun tó o fẹ́. Lẹ́yìn náà kó o ya fọ́tò èyí tó wù ẹ́ jù, gbé e fún AI, ní kó fi kálà oríṣiríṣi hàn ẹ́, àti bó ṣe máa rí lára páálí, lára aṣọ. Ibẹ̀ ló ti mọṣẹ́ gan-an! Àmọ́ lógò fúnra ẹ̀, fọwọ́ ara ẹ yà á. Pixel, ìyẹn àwọn tóótòòtó kálà kéékèèké, ni AI sábà fi ń ya àwòrán, tó o bá fẹ̀ ẹ́ sórí bílíbọ́ọ̀dù etí ẹ̀ á rí gbágungbàgun. Tó o bá ń fi pen tool, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya ìlà lórí kọ̀ǹpútà, tọ ìlà ẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, wàá rí i pé apá ọ̀tún ò bá tòsì dọ́gba, lẹ́tà kan á kàn ṣàdédé nípọn ju èkejì lọ.

Mosun3D:
Ti lógò nìyẹn o. Fún nǹkan tó máa gbẹ́rù, ohun tí ò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ sọ fún kọ̀ǹpútà. Bí Airbus tó ń ṣe bàálù àti Autodesk tó ń ṣe sọ́fítíwia dísáìn ṣe ṣe ògiri inú bàálù A320 nìyẹn lọ́dún 2015, wọ́n sọ ibi tó máa so mọ́ àti ẹrù tó gbọ́dọ̀ gbé, kọ̀ǹpútà wá gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún dísáìn jáde, wọ́n sì yan èyí tó fi ìdá 45 nínú 100 fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀.

Adélé:
Ẹ má sì da àwọn skẹ́ẹ̀ṣì tẹ́ ẹ yà sórí pépà yẹn nù o, àwọn ló máa fi hàn pé ọwọ́ yín lẹ fi yà á. Lọ́dún 2023 Copyright Office ti Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà, gbà pé ọ̀rọ̀ inú ìwé àwòrán kan àti bí wọ́n ṣe tò ó jẹ́ ti ẹni tó ṣe é, àmọ́ wọn ò gba àwọn àwòrán tí Midjourney yà síbẹ̀.

TítíDísáìn:
Ẹ ṣé gan-an. Kọ́sítọ́mà tó gbé ti ẹ̀ wá tẹ́lẹ̀ wá ńkọ́?

BàbáFọ́ǹtì:
Bi í pé kí ló fẹ́ràn nínú ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kálà ni, tàbí bó ṣe rí ṣókí. Mú ìyẹn, kó o wá bẹ̀rẹ̀ tìẹ lórí pépà.