Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ilé ìkàwé rèé

Mo béèrè ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí lórí Igbó Ọ̀ṣun nílé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa l'Óṣogbo. Ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ lọ bá olùtọ́jú ilé ìkàwé ló là mí. Màmá olùtọ́jú náà wo àkòrí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín: “Èyí ti fẹ̀ jù.” A gé e kù sí ìtọ́jú igbó náà láti 2005, ọdún tí UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé. Ìwé mẹ́fà ni mo ṣà nínú àkójọ ìwé ìtọ́kasí tó wà lẹ́yìn pírójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde. Mẹ́rin péré ló wà lórí pẹpẹ. Èyí tí mo fẹ́ wá lórí kọ̀ǹpútà já sí ààbọ̀, torí iná ò dúró. Àpilẹ̀kọ tuntun ló kù tí mò ń wá. Ẹ ṣeun.