Ṣé ojú tí kò wuni lè padà wuni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Ọkùnrin ará Ṣágámù kan ń fẹ́ mi láti oṣù mẹ́jọ. Ó ní sùúrù, ọkàn mi sì balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò wù mí. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, bí àwọn régbérégbé ṣe ń kọjá, ẹlòmíràn ni ojú mi ń tẹ̀ lé. Ojú tì mí gan-an, torí òun ló di agboòrùn lé mi lórí.

Mo kà pé Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, fi hàn ní 1968 pé ohun tí ojú bá ń rí léraléra máa ń wuni sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣègbéyàwó, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí fún yín? Ó tó ìgbà wo? Ìyá mi ní ìwà lẹwà, àmọ́ mi ò fẹ́ tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ.