Báwo ni ẹ ṣe ń fún bíà Kérésìmesì tó le ní máàkì?
Ẹ̀yin tí ẹ mọ bíà tọ́ wò, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín lórí Samichlaus, bíà Kérésìmesì tí agbára ọtí inú rẹ̀ tó ìdá 14 nínú 100, èyí tí ilé ìpọntí ńlá Hürlimann ní ìlú Zurich kọ́kọ́ pọn ní ọdún 1979, tí Schloss Eggenberg ní Austria sì ń pọn báyìí ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún. Àwọ̀ rẹ̀ pupa, ó sì dúdú díẹ̀. Ìfófó rẹ̀ kì í pẹ́ parẹ́. Òórùn àjàrà gbígbẹ ló ń ta sánsán nínú rẹ̀. Èmi tí Guinness ìdá 7.5 ti Nàìjíríà ti mọ́ lára kò rí ìkorò tí mo ń wá, nítorí adùn ló ṣáájú kí ooru ọtí tó dé ọ̀fun. Ṣé kí n yọ máàkì nítorí adùn yìí, àbí bó ṣe yẹ kí bíà tí wọ́n ń tọ́jú fún nǹkan bí oṣù 10 kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò rí nìyẹn? Ṣé òótọ́ ni pé kò yẹ kó tutù nini? Àbúrò mi, ẹni tí kì í mu ohunkóhun láìsí yìnyín, kò gbà rárá.