Silverado 2004 ń jo ọ́ìlì níbi tí ẹ́ńjìnì àti gíá ti so pọ̀: ṣé rear main seal ni lóòótọ́?

Ọmọ Ìbàdàn, Houston: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Chevrolet Silverado 2004 ni pickup náà, ẹ́ńjìnì lítà 5.3. Ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìnì àti gíá ti so pọ̀. Mẹkáníìkì ní rear main seal, ìyẹn síìlì tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ló bàjẹ́, pé àfi kí òun sọ gíá kalẹ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó gbà fún un?

Alàgbà Mẹkáníìkì, Dallas: Àbúrò, má tíì sanwó. Ọ́ìlì kì í sábà kán sílẹ̀ níbi tó ti ń jáde gan-an. Ó máa ń ṣàn wálẹ̀ lára ẹ́ńjìnì, bí ọkọ̀ bá sì ń sáré lójú títì márosẹ̀, atẹ́gùn á tún máa gbá a lọ sẹ́yìn. Torí ẹ̀ ni èyí tó ń jò lókè fi máa ń wá kán sílẹ̀ níwájú gíá, tí wọ́n á wá di gbogbo ẹ̀bi ru rear main seal.

Lára 5.3, oil pressure sensor, ìyẹn ohun tó ń wọn agbára ọ́ìlì, ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀yìn intake manifold (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì) pátápátá ló wà. Bó bá ti gbó, ọ́ìlì á máa gba inú ẹ̀ jáde, á sì gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì ṣàn wálẹ̀ sórí gíá. Yọ ike tó bo ẹ́ńjìnì lókè, fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré wo ẹ̀yìn ibẹ̀, kó o sì fa púlọ́ọ̀gì wáyà rẹ̀ yọ. Bí ọ́ìlì bá wà nínú púlọ́ọ̀gì, òun nìyẹn. Géèjì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tó bá ṣàdédé fò lọ sí 80 tàbí tó já wálẹ̀ sí 0 tún jẹ́ àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti wà ní 0, pa ẹ́ńjìnì ná, wọn ọ́ìlì wò, kó o sì fi géèjì ọlọ́wọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ó lè jẹ́ pé agbára ọ́ìlì ti lọ ní tòótọ́.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn 1-1/16 íǹṣì ló ń tú u, 27 mm náà á mú un. AutoZone máa ń yáni nírinṣẹ́: wọ́n á gba owó ìdúró, wọ́n á sì dá a padà fún ọ bó o bá dá irinṣẹ́ padà.

Ọmọ Ìbàdàn, Houston: Ẹ ṣé, sà. Bí ibẹ̀ bá gbẹ ńkọ́?

Alàgbà Mẹkáníìkì, Dallas: Wẹ ẹ́ńjìnì. Ta ló lè rí orísun jíjò lára ẹ́ńjìnì tí ìdọ̀tí ọ́ìlì ti bò? Jẹ́ kó tutù, fi ọ̀rá bo alternator àti àwọn ibi tí wáyà ti so pọ̀, fọ́n degreaser (oògùn tó ń fọ gíríìsì) sí i, fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́, kó o sì fi omi tí kò le ṣàn án. Bó bá gbẹ, da UV dye ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì (aró tó ń tàn bí iná UV bá kàn án) sí i. Ìgò kékeré 1 ounce tó fún quart 6 tí 5.3 ń gbà, ṣùgbọ́n ka ara ìgò. Wà á fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà fi tọ́ọ̀ṣì UV wò ó nínú òkùnkùn. Ibi tó ga jù lọ tó ń tàn ni kó o máa wá, kì í ṣe ibi tó tàn jù.

Wo òkè fílítà dáadáa. Ìdérí kékeré oníbóòtù méjì kan wà lára sọ́ọ̀ǹpù (àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) níbẹ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń le gbagidi, ọ́ìlì á wá máa kán sórí fílítà, èèyàn á rò pé fílítà ni kò fún. 106 inch-pounds, ìyẹn 12 Nm, ni bóòtù rẹ̀. Iye kan náà ni ti tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà (ìdérí òkè ẹ́ńjìnì). Bí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà bá ń jò, ọ́ìlì máa ń bọ́ sórí exhaust, wàá sì gbóòórùn iná bó o bá dúró ní tráfíìkì láìtì.

Jọ̀ọ́, má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Jack stand méjì lábẹ́ férémù, kó o sì dí táyà ẹ̀yìn.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Minnesota: Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ẹni tó bá wà níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ní oil cooler (ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù), kó yẹ páìpù rẹ̀ wò. Ibi tí irin ti fún rọ́bà mọ́ra ló máa ń jò. Kí ó yẹ PCV (fáàfù tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde nínú ẹ́ńjìnì) náà wò: bó bá dí, afẹ́fẹ́ á há sínú ẹ́ńjìnì, á sì máa ti ọ́ìlì gba gbogbo síìlì jáde. Ẹ lè pààrọ̀ síìlì tán kí òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ọmọ Ìbàdàn, Houston: Ṣé stop leak, oògùn tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì kó má jò mọ́, ò lè ràn mí lọ́wọ́ ná?

Alàgbà Mẹkáníìkì, Dallas: Rárá o. Rọ́bà tó ti le ló ń mú wú, kò lè tún sensor ṣe.

Bí òkè bá gbẹ, tó jẹ́ inú ilé flexplate (àwo irin tó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíá) nìkan ló ń tàn, nígbà náà ni mẹkáníìkì rẹ jàre. Wo àwọ̀ rẹ̀ náà: bó bá pupa, ọ́ìlì gíá ni, síìlì iwájú gíá ló ń jò. Bí wọ́n bá ti sọ gíá kalẹ̀, ní kí wọ́n pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì rear cover (ìdérí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì) pẹ̀lú síìlì lẹ́ẹ̀kan náà, torí iṣẹ́ kan náà ni. Síìlì PTFE (irú Teflon) ni wọ́n ń fi síbẹ̀: gbígbẹ ni wọ́n ń fi í wọlé, kí wọ́n má fi ọ́ìlì tàbí gíríìsì pa ètè rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, kò ní jókòó dáadáa, yóò sì tún máa jò.