Èsì lórí "ìdùnwò": dùn kì í bá wò rìn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń ka lẹ́tà yín lórí mìndìnmíndìn (súìtì) tí àwọn ọmọ tọ́ wò ní kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ń mú un mọ́ra. Àmọ́ nígbà tí arákùnrin wa tó kọ ìròyìn ọjọ́ náà tún kọ̀wé lánàá pé kí gbogbo wa fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, "ìdùnwò", kí a sì fi ṣọwọ́ sí àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, mo mọ̀ pé bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: àwọn òbí ló kó mìndìnmíndìn orílẹ̀-èdè méje jọ. Fínlándì, Mẹ́síkò, Jámánì, Túrkì, Jàpáànì, Bùràsíìlì àti Nàìjíríà. A tò wọ́n sórí tábìlì, àwọn ọmọ ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú sì ń fi Yorùbá sọ bó ṣe rí lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbèrò rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé bàbá dúdú wá. Orúkọ tí arákùnrin wa wá fún ètò náà nínú ìròyìn rẹ̀ ni "Ìdùnwò Ṣúgà-dídì Àgbáyé". Ọ̀rọ̀ méjì ló ṣẹ̀dá níbẹ̀, "ìdùnwò" fún títọ́ nǹkan wò, "ṣúgà-dídì" fún mìndìnmíndìn, kò sì sí èyí tó dúró nínú méjèèjì.

Àlàyé tó ṣe nípa "ìdùnwò" ni pé a ní dán wò, a rí ìdánwò. A ní yẹ̀ wò, a rí àyẹ̀wò. Nítorí náà kí a ní dùn wò, kí a rí ìdùnwò. Lójú, ó jọ ọ́. Létí, kò jọ ọ́ rárá. Wò tó ń kẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí, ohun tí ènìyàn ń fi ara rẹ̀ ṣe ló máa ń bá rìn. A jẹ ẹ́ wò. A gbé e wò. A wọ̀ ọ́ wò. A bi í wò. A tọ́ ọ wò. Ẹnì kan ń ṣe nǹkan sí nǹkan kó lè mọ bó ṣe rí. Ta wá ni í máa ń dùn nǹkan? Ẹ sọ ọ́ jáde kí ẹ gbọ́ ọ: "mo dùn ún wò". Ọmọ ọdún mẹ́rin tó gbọ́ Yorùbá kò ní sọ ọ́.

A máa ń gbé ẹrù wò bóyá ó wúwo, kò sì sí "ìwúwowò" nínú èdè wa. A máa ń wọ aṣọ wò bóyá ó gùn jù, kò sí "ìgùnwò". Wíwúwo àti gígùn ni ohun tí a bá lẹ́yìn tí a ti wò ó tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni dídùn. Tọ́ ló ń ṣíwájú. Dùn ń bọ̀ lẹ́yìn, bó bá máa wá rárá. Ẹni tó bá pe ètò náà ní ìdùnwò ti dájọ́ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́.

Àǹtí wa ní Toronto gbèjà rẹ̀, ó ní dán tó wà nínú ìdánwò ni dán tí bàtà máa ń dán, pé tí ọ̀rọ̀ bí i "dán" bá lè gba wò, dùn náà lè gbà á. Àǹtí, ẹ má bínú, dán méjì ni. Bàtà dán, ó parí síbẹ̀, kò gba àbọ̀, ìyẹn ẹni tàbí ohun tí a ń ṣe nǹkan sí. A dán ọmọ wò, àbọ̀ wà láàárín. Ohùn wọn bára mu, iṣẹ́ wọn kò bára mu. Ibi tí gbogbo àṣìṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sórí tábìlì. Fínlándì la fi bẹ̀rẹ̀, salmiakki ni wọ́n ń pè é. Dúdú ni, gbòǹgbò ewéko likorísì ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ń fi ammonium chloride sí i, èyí tó ń mú un ní iyọ̀ kan tí kì í ṣe iyọ̀ inú ọbẹ̀ wa, tó máa ń ta gba imú jáde. Àwọn ará Netherlands náà ń jẹ irú rẹ̀, drop ni tiwọn. Èyí tó bá le jù, wọ́n á kọ dubbel zout sí i lára, ìyẹn iyọ̀ ìlọ́po méjì. Ọmọkùnrin kan fi í sẹ́nu, omi lé sí i lójú, ó tu ú sọ́wọ́, ó ní: "Ẹnu ń dùn mí." Ọmọbìnrin tó jókòó tì í mú ẹyọ kan, ó tún mú ìkejì, ó ní: "Ó dùn lẹ́nu mi."

Ẹ̀yin ará, dùn kan náà ni, ohùn ìsàlẹ̀ kan náà. Ọ̀kan ní ìrora, èkejì ní adùn, orí nǹkan kan náà ni wọ́n sì ti sọ ọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá tẹ ikùn aláìsàn tó ní "ṣé ibí yìí ń dùn yín?", kí la fẹ́ máa pe ìyẹn? Bí ìdùnwò bá tọ́ sí nǹkan kan, èmi ò rò pé ó ju iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn lọ.

Ohun kejì tí salmiakki fi hàn wá ni pé dùn kì í ṣe ti ṣúgà nìkan. Arákùnrin wa kọ ọ́ pé "èyí tó níyọ̀ kò lè dùn". Háà! Nínú èdè wo? Níbi ìsọmọlórúkọ, a máa ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, a máa ń fún un ní ìrèké àti àádùn, iyọ̀ náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Kí la máa ń wí tí a bá gbé iyọ̀? Pé iyọ̀ ló ń mú ọbẹ̀ dùn, kí ayé ọmọ náà dùn. Orin ń dùn, inú ń dùn, ìtàn ń dùn, kò sí ṣúgà nínú ọ̀kankan wọn. Èyí dùn mí jù nínú gbogbo ohun tó kọ, nítorí pé àwọn ọmọ ń ka ìròyìn yẹn.

Ti Mẹ́síkò ni mo fẹ́ kí gbogbo yín ti wà níbẹ̀ fún. Àjàgbọn ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n po ṣúgà, iyọ̀ àti ata mọ́ ọn. Àwọn ọmọ dákẹ́ ná. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan ní: "Ó dùn, ó kan, ó sì ń ta." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta, ó sì pé. Wọ́n ní kan, wọ́n ní ta, wọ́n ní korò, wọ́n ní tẹ́ fún èyí tí kò ní adùn kankan. Kò sí ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ tuntun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. (Bàbá wa ní Ìlọrin kọ̀wé pé àjàgbọn kọ́ ni, pé tsamiya tí àwọn Hausa ń pè ni. Bàbá, èso kan náà ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà.)

Ó ku "ṣúgà-dídì". Bóyá ó bá mìndìnmíndìn líle mu, èyí tí wọ́n ń se omi ṣúgà rẹ̀ títí á fi gbóná tó nǹkan bí 150°C, tí omi ara rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó bá sì ti tutù á le gbagidi. Ó bá konpeitō ti Jàpáànì náà mu, wóróbótó ṣúgà kéékèèké bí ìràwọ̀. Ti Jámánì ńkọ́, béárì kékeré tó ń fà bí rọ́bà lẹ́nu? Jẹ́látìn ló wà nínú rẹ̀. Lára awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń rí jẹ́látìn náà, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí Mùsùlùmí fi ra èyí tí wọ́n ṣe ní Túrkì fún àwọn ọmọ tiwọn, tí jẹ́látìn tirẹ̀ jẹ́ ti màlúù. Lokum ti Túrkì ńkọ́? Sítáàṣì àti ṣúgà ni, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Èwo ló dì nínú ìwọ̀nyí? Orúkọ tó bá yẹ kó kárí ohun méje tó sì jẹ́ pé méjì tàbí mẹ́ta ló kárí, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ẹ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe sọ tiwọn lórúkọ. Lokum, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, rahat al-hulqum, ìtura ọ̀fun. Ṣé ẹ rí i pé orúkọ yẹn ti gba ẹnu kọjá, ó ti dé ọ̀fun? Konpeitō, ọ̀rọ̀ Potogí ni, confeito; àwọn ará Jàpáànì gbà á lọ́wọ́ wọn ní nǹkan bí irínwó ọdún ó lé sẹ́yìn, lónìí kò sí ẹni tó lè ní kì í ṣe tiwọn. Haribo, ilé-iṣẹ́ mìndìnmíndìn ti Jámánì, Hans Riegel ti ìlú Bonn ló gé orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ pọ̀ ní ọdún 1920. Ní Bùràsíìlì, bala ni wọ́n ń pe mìndìnmíndìn, bala náà ni wọ́n sì ń pe ọta ìbọn, kò sí ọmọ tó ń ṣì í gbọ́. Nítorí náà, èmi kò bá àwọn tó ń sọ "súìtì" jà. Ọ̀rọ̀ àlejò tó ti jókòó pẹ́ ti di ará ilé. Ohun tí mò ń bá jà ni ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́nu tó ti jáde.

Àwa náà ti sọ tiwa lórúkọ. Bàbá dúdú. Sìsì pẹlẹbẹ. Ta ló jókòó ṣe ìpàdé lórí wọn? Ojú ló wo bí wọ́n ṣe rí, ẹnu sì pè é, ó mọ́ wọn lára. Ẹ gbọ́ bí p, l àti b ṣe tẹ́ ohun náà sílẹ̀ nínú pẹlẹbẹ.

Ìyá tó bí ìyá mi ta bàbá dúdú ní Abẹ́òkúta lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kan. Wọn á rin àgbọn, wọn á fún omi rẹ̀, wọn á gbé e kaná pẹ̀lú ṣúgà, wọn kò sì ní kúrò nídìí rẹ̀ títí á fi pọ́n, tí á dúdú, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í fà lára ọmọrogùn. Wọn á kán díẹ̀ sínú omi tútù, wọn á nà án sí mi: "Tọ́ ọ wò." Lọ́jọ́ kan mo yára, mo ní "ó dùn, Ìyá" kó tó kan ahọ́n mi, torí ọ̀kánjúwà. Wọ́n gbà á padà. Wọ́n ní, "Ẹnu rẹ kò tíì kàn án, kí lo mọ̀?" Obìnrin tí kò mọ̀wé kà ni wọ́n. Ohun tí mo ti ń fi gbogbo lẹ́tà yìí ṣàlàyé, gbólóhùn kan ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan níbí ní àwọn ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní Yorùbá, kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn. Mo dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ fi gbólóhùn kan hàn wá, ẹyọ kan péré, tí dùn ti gba àbọ̀ tí wò sì tẹ̀ lé e.

Ìtọ́wò wà nílẹ̀. Tí a bá sì fẹ́ fi wọ́n wéra, ìfiwéra wà nílẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ yín lé lórí ni àmì ohùn: ẹnì kan ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì báyìí ní "ìtọ̀wò". Ìtọ̀ ni ohun tí a ń gbé lọ fún àyẹ̀wò nílé ìwòsàn. Itọ́ ni ti ẹnu. Tọ́ ni ti ahọ́n, ohùn òkè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i lára ògiri ní ọ̀nà mìíràn.

Mo fẹ́ mẹ́nu ba ti Bùràsíìlì díẹ̀ sí i, torí arákùnrin wa fi ìlà kan kọjá lórí rẹ̀. Cocada ni wọ́n gbé wá, àgbọn rírin àti ṣúgà. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá dúdú, àwọn ọmọ sì ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ tó jẹ́ ìbejì, àpò mìndìnmíndìn ni wọ́n máa ń pín fún àwọn ọmọdé lọ́hùn-ún, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà níbẹ̀ sì mọ̀ pé Ìbejì ni wọ́n ń ṣe é fún. Àwa tí a ń se ẹ̀wà fún ìbejì, tí a ń fún wọn ní ìrèké, kò yẹ kí ìlà kan tó wa.

Ó ku mìndìnmíndìn fúnra rẹ̀. Bí ìyá àgbà mi ṣe ń pè é ni mo ṣe kọ ọ́. Arábìnrin kan ní mídinmídìn ni òun gbọ́ nílé, ẹlòmíràn ní àdídùn ni tiwọn. N kò ní bá wọn jiyàn, ẹnu àgbà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Bí ìyá tàbí bàbá àgbà yín bá ṣì wà, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ohùn rẹ̀ sí mi gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe pè é. Mo ti kọ "Ìtọ́wò" sára páálí fún Sátidé tó ń bọ̀. Mo fi àyè ọ̀rọ̀ kejì sílẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.