Mo kọ eré olórin nípa àwọn aláró Ìtòkú: ta ni kí n gbé e lọ bá?

Olùkọ́ Àkẹ́:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí l'Abẹ́òkúta, èmi náà ni mo sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ti kọ eré olórin kan tán fún orí ìtàgé, Yorùbá ni látòkè délẹ̀. Ìjà àwọn ìyá aláró pẹ̀lú ààfin ló dá lé, ní nǹkan bí ọdún 1936, nígbà tí Aláké Adémọ́lá Kejì ní wọn ò gbọdọ̀ fi kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó rẹ aṣọ mọ́, kí wọ́n padà sídìí èlú. Orin mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀, mo ti kọ gbogbo wọn ní sóófà. Èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ká má tíì ka àwọn oníjó.

N ò mọ ẹnì kankan nídìí tíátà. Mo fi ìwé eré náà ránṣẹ́ sáwọn kan l'Ékòó, wọn ò fèsì. Ẹnì kan ṣoṣo tó pè mí padà ní òun máa gbé e lọ bá àwọn báńkì tó ń ṣe onígbọ̀wọ́, àmọ́ kí n kọ́kọ́ fi 250,000 náírà ránṣẹ́ "fún àyẹ̀wò", kí n sì buwọ́ lùwé pé eré náà ti di tòun. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má lọ jí i.

Ọmọ Lápàdé:
Ọ̀gá, ta ló ń wo orí ìtàgé mọ́? Ẹ sọ ọ́ di fíìmù, ẹ gbé e sórí YouTube. Ibẹ̀ lowó wà.

Ìyá Ìtàgé:
Ọmọ Lápàdé, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn. Olùkọ́ ò béèrè ibi tówó wà.

Olùkọ́, ẹ má san kọ́bọ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ọjọ́ yìí ni kí n wà lẹ́yìn aṣọ ìtàgé l'Ékòó, kí n máa sọ fún òṣèré pé ó yá, wọlé. Agbátẹrù ní í sanwó fún òǹkọ̀wé. Èyí tó bá ní kí òǹkọ̀wé sanwó fóun, owó yẹn gan-an ni eré tirẹ̀. Ti ìwé tó ní kí ẹ buwọ́ lù yẹn, ẹ fà á ya. Bí èèyàn gidi bá fẹ́ eré yín, ẹ fún un láyè ọdún kan láti fi wá owó, kó wà lákọsílẹ̀. Bí ọdún bá yí po tí eré ò jáde, ẹrù yín ti padà sọ́dọ̀ yín nìyẹn.

Ti olè: láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àti orin yẹn ti wà lórí ìwé ló ti di tiyín, bí òfin ọdún 2022 ṣe wí, yálà ẹ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ àbí ẹ ò fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín sí kóòtù. Ìtàn 1936 ní tirẹ̀ kì í ṣe tiyín o. Ẹlòmíì lè kọ eré aláró lọ́la kó máà jí nǹkan kan.

Wàyí o, ìdí tí wọn ò fi fèsì. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ka sóófà. Ẹ̀ẹ̀kejì, èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ṣirò, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 5,000 náírà lójúmọ́ fún ọkọ̀ àti oúnjẹ, kò tiẹ̀ tó. 160,000 lójúmọ́ nìyẹn. Ìdánrawò ogún ọjọ́, ó di mílíọ̀nù mẹ́ta ó lé igba ẹgbẹ̀rún, ẹ ò tíì rí onílù, ẹ ò tíì ra dísù sí jẹnẹrétọ̀. Ọkọ̀ àti oúnjẹ ló ń pa eré, gbọ̀ngàn kọ́. Ẹ wá ọgbọ́n sí i. Ẹni tó ṣe ìyá aláró lápá kìíní lè ṣe olorì lápá kejì. Gèlè ni yóò pààrọ̀.

Àwọn eré olórin ńlá tẹ́ ẹ ń gbọ́ l'Ékòó, ẹ má fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n. Bolanle Austen-Peters ti ní Terra Kulture, ilé àṣà kan l'Ékòó, lọ́wọ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2013. Uche Nwokedi tó gbé eré olórin Kakadu jáde lọ́dún yẹn kan náà, agbẹjọ́rò àgbà ni, SAN. Ìlẹ̀kùn tí orúkọ wọn ń ṣí, tiyín ò ní í ṣí i, kí n má parọ́ fún yín.

Ọ̀nà tiyín ni ti Ògúndé. Ọlọ́pàá ni lọ́dún 1944, ó ń bá ìjọ aládùúrà kan l'Ébùúté Mẹ́tta ṣètò orin, òun àti akọrin ìjọ yẹn ló gbé eré wọ Glover Hall. Dúró Ládiípọ̀ ńkọ́? Olùkọ́ bíi tiyín ni. Orin Àjíǹde tó fi ìlù dùndún sí ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Óṣogbo lọ́dún 1961 ló dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1964, Berlin ló ti ń ṣeré. Àwọn méjèèjì, akọrin ni wọ́n kọ́kọ́ ní, ẹ̀yin náà sì ní akọrin.

Ẹ mú orin márùn-ún tó lágbára jù. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n dúró, kí wọ́n mú ìwé lọ́wọ́, dùùrù kan, gángan kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ má gba gbọ̀ngàn ńlá Kútọ̀. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé tó. Ẹ lọ pe àwọn ìyá aládìrẹ Ìtòkú, kí wọ́n jókòó síwájú. Ibi tí ohùn orin bá ti ta ko ohùn ọ̀rọ̀, ojú wọn lẹ ó ti mọ̀. Aṣọ eré náà, ọwọ́ wọn ló ti máa jáde, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Ẹ wá ẹni tó mọ ohùn gbà, kó gba orin kan ṣoṣo sílẹ̀ dáadáa. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn lẹ ó máa fi ránṣẹ́, kì í ṣe ìwé.

Olùkọ́ Àkẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, ìyá wa. Wàhálà kan ló kù. Orin kejì, Ìyá Mapó, òrìṣà àwọn aláró, ni wọ́n ń kì níbẹ̀. Bí àlùfáà wa bá gbọ́ ọ lẹ́nu akọrin rẹ̀, mo gbé. Ṣé kí n yọ ọ́?

Adé ní Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ìyá sọ yẹn, wọ́n ń ṣe é níbí náà. Láti ọdún 2000 ni Battersea Arts Centre, ilé ìtàgé kan ní London níbí, ti ń fi eré tí kò tíì jinná han èrò, kí wọ́n lè gbọ́ tẹnu wọn. Kò sẹ́ni tó ń retí aṣọ tàbí iná aláràbarà níbẹ̀. Ẹ fi fídíò yẹn síbí, ẹ̀gbọ́n, mo mọ àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó máa wò ó lọ́dọ̀ wa.

Ìyá Ìtàgé:
Yọ ọ́ kẹ̀? Aláró wo ní 1936 ni kò mọ Ìyá Mapó? Ẹ fi í sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ yọ. Ẹ má lo gbọ̀ngàn wọn, ẹ má lo orúkọ wọn, ẹni tó bá fẹ́ kọrin yẹn nínú akọrin, kó wá lórúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì yarí fún Ládiípọ̀, ìlù rẹ̀ ló gbé jáde, kò yọ ọ́ kúrò nínú orin. Ọdún kejì ni Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà l'Óṣogbo, bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má mú Oṣù Kejìlá. Àwọn akọrin ń kọ ti Kérésìmesì kiri, onílù wà lóde àríyá, iye tó máa pè fún yín á lé yín délé. Oṣù Karùn-ún dáa. Bí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ kọ ọ́ síbí. Bí n ò bá níṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo ń bọ̀.

Olùkọ́ Àkẹ́:
Mo ti jókòó tì í láti alẹ́ àná. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú eré náà ti di mẹ́tàlá. Àwọn akọ̀wé ààfin ni mo kọ́kọ́ lé dànù.